Ta Ni Ráútà Ń Pè?

Àwọn tó lo módẹ́ẹ̀mù kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo tàbí Iléṣà ní nǹkan bí ọdún 2010 á rántí nǹkan kan. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó wọlé, wọ́n á tẹ Connect. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo inú ètò rẹ̀ á rí i pé nọ́ńbà kan wà níbẹ̀: *99#. Bó bá jẹ́ ti Starcomms tàbí Visafone ló ń lò, #777 ló máa bá níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà á ní òun ń pe nọ́ńbà náà. Fóònù kankan kò dún, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé "hẹ̀lóò". Síbẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, Facebook á ti ṣí.

Ẹni tó bá ń tọ́jú ráútà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí ìsọfúnni láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn, ní báǹkì tàbí ní yunifásítì máa ń pàdé ohun tó fara jọ ọ́. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn ẹnu-ọ̀nà tí ráútà ní, á rí ọ̀kan tó ń jẹ́ Dialer0 tàbí Dialer1. Kó yí ẹ̀rọ náà sọ́tùn-ún, kó yí i sósì, kó ka gbogbo ihò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀: kò ní rí èyí tó ń jẹ́ Dialer. Ẹnu-ọ̀nà wà nínú ìwé, kò sí lára ẹ̀rọ. Ta ló wá ń pè, ta ni wọ́n sì ń pè?

Orí owó ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1985, ìjọba àpapọ̀ da ẹ̀ka tẹlifóònù ilé ìfìwéránṣẹ́ pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ìpè òkè òkun, wọ́n sì sọ àpapọ̀ wọn ní NITEL. Títí di August 2001 tí GSM dé, wáyà NITEL ló gbòde. 035 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà Òṣogbo, 036 ni ti Ilé-Ifẹ̀, 01 ni ti Èkó. Wáyà náà kò kárí rárá: ní orílẹ̀-èdè tí èèyàn ibẹ̀ ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ, gbogbo ìlà tẹlifóònù tó wà nílẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan. Orí ìlà táṣẹ́rẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ lo íntánẹ́ẹ̀tì gbà wọ ayélujára.

Ohùn èèyàn ni wọ́n sì ṣe wáyà yẹn fún. Ìró tí ìgbì rẹ̀ wà láàárín nǹkan bíi 300 sí 3,400 hertz ló ń gbé. Èyí tó bá lọ sókè tàbí wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà ló máa sọnù sí. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ kò lóhùn, òdo àti oókan nìkan ló mọ̀. Iṣẹ́ módẹ́ẹ̀mù ni láti sọ òdo àti oókan di ìró tí wáyà lè gbé, kí módẹ́ẹ̀mù tó wà lódì kejì tún sọ ìró náà padà di òǹkà. Ariwo háháhá tó máa ń jáde nígbà tí ìpè bá ń wọlé kì í ṣe àìsàn: àwọn módẹ́ẹ̀mù méjèèjì ló ń dán wáyà wò, tí wọ́n ń fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa yára tó. Èyí tó yára jù lọ nínú wọn kò ju kílóbíìtì 56 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Orin kan tó jẹ́ mẹ́gábáìtì márùn-ún yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìlá kó tó wọlé tán, bí ìlà kò bá já.

Bí ìpè bá ti wọlé, owó ti ń kà nìyẹn. Kò kan ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù bóyá ẹni tó pè ń ka lẹ́tà, bóyá ó ti lọ jẹun, bóyá ó ti sùn. Ẹni tó wà ní Iléṣà tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà ní Èkó, owó ìpè ọ̀nà jíjìn ló ń san ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ṣoṣo lè ṣọ́ ara rẹ̀: á pè, á gba lẹ́tà rẹ̀, á já ìlà. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì tí ogún kọ̀ǹpútà ti ń pín ìlà kan lò ńkọ́? Ta ló máa mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pè, ta ló máa mọ ìgbà tí gbogbo èèyàn ṣe tán? Ráútà nìkan ló lè mọ̀ ọ́n, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ẹrù, ìyẹn ìsọfúnni tí àwọn kọ̀ǹpútà ń fi ránṣẹ́, ń gbà kọjá. Bí wọ́n ṣe kọ́ ráútà láti máa pe ìlà nìyẹn: kó pè nígbà tí ẹrù bá wà, kó já a nígbà tí ẹrù bá tán. Ẹ jẹ́ kí a pe èyí ní ìpè ìgbà-ìlò.

Nígbà àkọ́kọ́, ara ihò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ gan-an ni wọ́n ń kọ gbogbo ètò ìpè sí: nọ́ńbà tí yóò pè, orúkọ tí yóò jẹ́ fún ẹni tó bá gbé e, ọ̀rọ̀ aṣínà tí yóò sọ. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń pe ibì kan ṣoṣo. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní Òṣogbo ní ìlà méjì, tó sì fẹ́ máa bá Èkó, Ìbàdàn àti Iléṣà sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ìlà tí wọ́n ti kọ Èkó sí lára kò ní lè pe Ìbàdàn, bó tilẹ̀ wà lásán. Iléṣà kò ní rí ìlà kankan.

Ojútùú tí àwọn tó ń ṣe ráútà mú wá ni pé kí wọ́n ya ìpè sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà. Ẹ wo bí ìyá aláṣọ kan ṣe ń fi ẹrù ránṣẹ́ láti gáréèjì Òṣogbo sí Iléṣà. Orí ẹrù ló kọ orúkọ ẹni tó máa gbà á sí, ibẹ̀ náà ló kọ nọ́ńbà fóònù ẹni náà àti ibi tó ti máa wá gbà á. Kò kọ ọ́ sára ọkọ̀. Ọkọ̀ tó bá kàn ló máa gbé e. Bí ọkọ̀ ti òwúrọ̀ bá bàjẹ́, ti ọ̀sán á gbé e, àkọlé náà kò ní yí padà; ọkọ̀ tó gbé ti Iléṣà láàárọ̀ sì lè gbé ti Ìbàdàn bó bá di alẹ́. Irú àkọlé yẹn ni Dialer0 jẹ́. Àwọn wáyà ni ọkọ̀, gbogbo wáyà tó wà nílẹ̀ fún un láti yá lò ni a ó sì máa pè ní agbo wáyà.

Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ihò kankan tó ń jẹ́ Dialer. Ẹnu-ọ̀nà olùpè, bí a ó ṣe máa pe dialer interface láti ìsinsìnyí lọ, àkójọ ètò ni. Ó mọ ẹni tí yóò pè. Ó mọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà, ó mọ agbo wáyà tí yóò ti mú ọ̀kan, ó mọ irú ẹrù tó tó ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ pe ìlà, ó sì mọ iye àsìkò tí yóò fi dúró kó tó já a.

Ó yẹ kí a tẹ̀ lé ẹrù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí inú ìrìn àjò yìí ni ọgbọ́n wà. Òṣìṣẹ́ kan ní Òṣogbo tẹ ohun kan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìdì ìsọfúnni kan sì jáde, ó kọrí sí Èkó. Ó dé ọwọ́ ráútà. Ráútà wo ìwé ọ̀nà rẹ̀, ó rí i pé Dialer0 ni ọ̀nà Èkó. Ibí yìí gan-an ni wàhálà kan ti fara hàn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú kàn. Òfin ráútà ni pé ẹnu-ọ̀nà tó bá ti kú, kí wọ́n yọ ọ̀nà rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Dialer0 kò sì tíì pe ẹnikẹ́ni, kò tíì ní wáyà kankan lọ́wọ́. Òkú ni lóòótọ́. Bí wọ́n bá yọ ọ̀nà rẹ̀, ẹrù kankan kò ní wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹrù kò bá wá, kò ní pe ìlà láé. Bí kò bá sì pe ìlà, kò ní jí.

Nítorí náà, ẹnu-ọ̀nà olùpè máa ń díbọ́n. Ó ń sọ fún ìwé ọ̀nà pé òun wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí wáyà lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí ráútà Cisco, kò tilẹ̀ fi í pa mọ́: á kọ ọ́ sójú ìwòran pé òun wà lókè, á sì fi ọ̀rọ̀ náà spoofing tì í. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ìlà ti ṣí. Ẹni tó mọ̀ á mọ̀ pé ó wulẹ̀ ń dúró de ẹrù ni.

Ẹrù dé. Ìbéèrè tó kàn ni bóyá ẹrù náà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ráútà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú èyí lè mú kí wọ́n pe ìlà, irú ọ̀hún kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó yege ni à ń pè ní ẹrù tó tó pè. Bí ó bá yege, Dialer0 á mú wáyà kan nínú agbo, á pe nọ́ńbà.

Bí òdì kejì bá ti gbé e, àwọn ráútà méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè kan tí wọ́n ń pè ní PPP, tí wọ́n tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1994. Wọ́n á kọ́kọ́ fẹnu kò lórí bí ìdì ṣe máa tóbi tó àti bí wọ́n ṣe máa dá ara wọn mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìdánimọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe é, CHAP, lẹ́wà gan-an. Ẹni tí wọ́n pè kò ní béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, torí ẹlòmíì lè máa gbọ́ lórí wáyà. Á mú nọ́ńbà kan tí kò ní ìtumọ̀ kankan, á fi ránṣẹ́. Ẹni tó pè á da nọ́ńbà yìí pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà lọ́kàn rẹ̀, á lọ méjèèjì kúnná pọ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò fi lè tú u ká mọ́, á wá fi àbájáde rẹ̀ ránṣẹ́ padà. Ẹni tí wọ́n pè náà á ṣe ìlọ̀ kan náà lọ́dọ̀ tirẹ̀. Bí méjèèjì bá bára mu, ọ̀rọ̀ aṣínà wọn dọ́gba. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò rin ọ̀nà rárá, ẹni tó bá sì ká àbájáde ti òní sílẹ̀ kò ní lè lò ó lọ́la, torí nọ́ńbà mìíràn ni wọ́n máa bi í.

Lẹ́yìn ìdánimọ̀, òdì kejì á fún olùpè ní àdírẹ́sì tí yóò máa lò. Ọ̀nà ṣí. Ẹrù á wá lè máa kọjá.

Nígbà tí ọ̀nà bá ti ṣí, gbogbo ẹrù ló lè bá a lọ, títí kan èyí tí kò tó pè. Ṣùgbọ́n aago kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka nínú ráútà, aago ìdákẹ́. Lórí Cisco, bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, 120 ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fún un. Gbogbo ìgbà tí ẹrù tó tó pè bá kọjá, aago á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹrù tí kò tó pè lè máa kọjá lọ kọjá bọ̀, aago kò ní dá a lóhùn. Bí 120 bá pé láìsí ẹrù gidi, ráútà á já ìlà, á dá wáyà padà sínú agbo, Dialer0 á sì padà sẹ́nu ìdíbọ́n rẹ̀.

Ìyàtọ̀ láàárín ẹrù méjèèjì yìí ló ti gbọ́n owó dànù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Àwọn ráútà máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́. Èyí tó bá ń lo òfin RIP máa ń fi gbogbo ìwé ọ̀nà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 30, 30. Kí ẹni tó ṣètò ráútà gbàgbé láti sọ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tó pè: ní ìṣẹ́jú àáyá 30, aago á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ní 60, bákan náà, ní 90, bákan náà. Kò ní dé 120 láé. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ti ọ́fíìsì lọ́jọ́ Friday, wọ́n ti lọ sí ìnáwó lọ́jọ́ Saturday, ìlà ọ̀nà jíjìn wà ní ṣíṣí títí di àárọ̀ Monday nítorí pé ẹ̀rọ méjì ń kí ara wọn. Kọ̀ǹpútà tó fẹ́ mọ aago tó pé lè ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó ń wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò sí mọ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ráútà kì í purọ́ bí wọ́n bá bi í: àṣẹ show dialer á sọ ìdí tó fi pè gẹ́lẹ́, àdírẹ́sì ẹni tó rán ẹrù àti ti ẹni tí wọ́n rán an sí. Ibẹ̀ ni onímọ̀ ẹ̀rọ ti máa ń mú ẹlẹ́ṣẹ̀.

Nílẹ̀ Jámánì àti láwọn ibòmíràn tí ISDN, ìlà tẹlifóònù tó ń gbé òdo àti oókan ní tààràtà, ti tàn kálẹ̀ nígbà kan rí, ìpè ìgbà-ìlò tún ní agbára kan sí i. Ìlà ISDN kékeré ní ojú méjì, kílóbíìtì 64 ni ojú kọ̀ọ̀kan. Bí ẹrù bá pọ̀, ẹnu-ọ̀nà olùpè á pe ojú kejì, á so méjèèjì pọ̀ di 128. Bí ẹrù bá dínkù, á já ọ̀kan.

Àwọn wáyà NITEL ti dákẹ́ báyìí, ṣàṣà sì lẹni tó tún ń san owó ìṣẹ́jú fún íntánẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kí ẹnu-ọ̀nà olùpè ti bá wọn lọ. Kò lọ, nítorí pé kò fi ìgbà kankan jẹ́ ti wáyà tẹlifóònù. Nígbà tí ìlà íntánẹ́ẹ̀tì tó yára wọ ilé, àwọn tó ń tà á fẹ́ máa dá oníbàárà mọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà. PPP ti mọ iṣẹ́ yẹn. Ní 1999, wọ́n gbé e gun orí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán, wọ́n sì pè é ní PPPoE. Ráútà kò ní nọ́ńbà tí yóò tẹ̀ mọ́. Á ké sórí wáyà pé, "Ta ló lè gbé mi?" Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ á dáhùn, á fún un ní nọ́ńbà ìjókòó, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ PPP láti ibẹ̀. Dialer0 náà ló ń ṣe é, pẹ̀lú agbo wáyà tí kò ní ju wáyà kan lọ.

Ìgbé-gùn-orí yìí ní owó orí tirẹ̀. Ìdì tó tóbi jù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé jẹ́ 1,500 báìtì; PPPoE gba mẹ́jọ nínú rẹ̀, ó ku 1,492. Bí wọn kò bá sọ fún Dialer0 kó dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, àrùn kan tó ń rú èèyàn lójú lè yọjú: lẹ́tà kékeré á wọlé, WhatsApp á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìkànnì kan tàbí méjì á ṣí dé ìdajì, á dúró gbagidi. Àwọn ìdì kéékèèké ń kọjá. Àwọn ńlá ń há sẹ́nu ọ̀nà. Èèyàn lè pààrọ̀ ráútà, kó pààrọ̀ wáyà, kó tún bá ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì jà, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yẹ kó yí padà.

*99# wá ńkọ́? Lórí módẹ́ẹ̀mù GSM, ìpè yẹn kò rìn jìnnà rárá. Kọ̀ǹpútà á sọ fún módẹ́ẹ̀mù pé ATD*99#, ìyẹn ni pé "pe *99#". Módẹ́ẹ̀mù mọ̀ pé èyí kì í ṣe nọ́ńbà ẹnikẹ́ni, pé dátà ni wọ́n ń béèrè. Á fi èdè tirẹ̀ bá òpó ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀, á dá kọ̀ǹpútà lóhùn pé CONNECT, òun fúnra rẹ̀ á sì jókòó bá a sọ PPP. Ẹni tí wọ́n ń pè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀! #777 ti CDMA, irú èyí tí Starcomms àti Visafone lò nígbà yẹn, yàtọ̀ díẹ̀: PPP tirẹ̀ máa ń gba inú afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilé-iṣẹ́ gan-an. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ti mọ bí wọ́n ṣe ń pe tẹlifóònù, ó rọrùn láti jẹ́ kó máa rò pé tẹlifóònù ló ṣì ń pè.

Ráútà 4G òde òní kì í sábà nílò láti díbọ́n pé tẹlifóònù ni òun ń pè mọ́. Orúkọ ọ̀nà ló ń lò, APN, irú èyí tí MTN ń pè ní web.gprs.mtnnigeria.net. Àwọn tó ti ṣètò rẹ̀ lórí fóònù mọ̀ pé "web" ni orúkọ, "web" náà sì ni ọ̀rọ̀ aṣínà. Kò já mọ́ nǹkan kan, torí síìmù káàdì ló ń ṣe ìdánimọ̀ gidi.

Ibi tí ìpè ìgbà-ìlò ti wúlò jù lónìí ni ibi tí ìlà kan kò ti tó. Ní Òṣogbo ni National Control Centre wà, níbi tí wọ́n ti ń darí bí iná ṣe ń lọ lórí àwọn wáyà alágbára 330 kílófóòtì jákèjádò Nàìjíríà, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọ kí ìgbì rẹ̀ má jìnnà sí 50 hertz. Ẹni tó jókòó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè bá àwọn ibùdó tó ń pèsè iná ní Kainji, Jebba, Shiroro àti Egbin sọ̀rọ̀ nígbà tó bá yẹ. Irú ibi bẹ́ẹ̀, àti báǹkì, àti ilé ìwòsàn, kò lè fi gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí wáyà kan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ráútà á ní ọ̀nà méjì sí Èkó nínú ìwé rẹ̀. Ọ̀kan gba orí fáíbà, èkejì gba Dialer0. Wọ́n á fún ti Dialer0 ní òǹkà tó ga, ráútà sì máa ń mú èyí tí òǹkà rẹ̀ kéré. Níwọ̀n ìgbà tí fáíbà bá wà, kò sí ẹrù tó ń kọjú sí Dialer0. Bí katakátá bá hú fáíbà yọ lójú ọ̀nà, ọ̀nà rẹ̀ á kúrò nínú ìwé, ti Dialer0 á fara hàn, ẹrù tó tó pè tó bá kọ́kọ́ dé á mú kó pe ìlà lórí afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá tún fáíbà ṣe, ẹrù á padà síbẹ̀, aago ìdákẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka lórí ìlà kejì.

Ohun kan wà tí ètò yìí kò lè fúnra rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 14 March 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, já nítòsí Abidjan lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Iṣẹ́ báǹkì dà rú ní Nàìjíríà. Ráútà tí fáíbà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, tí Dialer0 rẹ̀ sì ń pe ilé-iṣẹ́ mìíràn, lè pe ìlà kejì kíákíá kó sì rí i pé wáyà abẹ́ òkun kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà jáde. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ìlà kejì bi àwọn tó ń tà á, ní Òṣogbo tàbí níbikíbi, ni wáyà òkun tí ẹrù rẹ̀ máa gbà kọjá, kó tó béèrè iye tó jẹ́ lóṣù.